Bisikíìtì Kan Tí Kò Ní Àmì

Abọ́ tí mo fi po fúláwà ni mò ń fọ̀ lánàá kí n tó wọ mọ́tò lọ sí Austell. Kò pẹ́ tí mo fi fọ̀ ọ́ tán, nítorí pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Mo ti fi ìwọ̀n kékeré tó wà nílé ìdáná wọn fúláwà, bọ́tà àti ṣúgà, mo pín ohun tí mo pò sọ́nà mẹ́rìndínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dọ́gba. Bisikíìtì mẹ́rìndínlógún ló wà lórí tábìlì, àgbélébùú kọ̀ọ̀kan ní àárín wọn. Mo wo abọ́ náà, inú mi dùn díẹ̀ pé mi ò fi nǹkan ṣòfò.

Màmá mi kú ní oṣù kejì ọdún yìí. Ìyá ìyá mi ni, ṣùgbọ́n òun ló tọ́ mi láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mi ò sì fi orúkọ mìíràn pè é rí ju Màmá lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún la jọ gbé nínú ilé kan ní Redan, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, èmi àti òun nìkan. Mi ò lè kọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí pé kì í sọ ọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀, àti bó ṣe máa ń ṣe ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, tí í ṣe Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Olóògbé. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí pé Aunty Dúpẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi, gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ fún Màmá ló pa á.

Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, Màmá ṣiṣẹ́ nílé ìdáná àwọn sístà kan ní Ìbàdàn. Òyìnbó ni wọ́n, láti ìlú olótùútù kan tí Màmá ò lè pe orúkọ rẹ̀ dáadáa títí ó fi kú. Lọ́dọ̀ wọn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan bisikíìtì olóòórùn fún ọjọ́ àwọn olóògbé. Wọ́n máa ń fi ata ilẹ̀ gbígbẹ sí i, àti kànáfùrù, àti èso kékeré kan tí wọ́n ń rin, tí wọ́n ń pè ní nọ́tímẹ́ẹ̀gì. Ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn wọn lọ́jọ́ náà, wọn a fún un ní ọ̀kan, òun náà a sì gbàdúrà fún òkú kan. Lọ́dún kan, nọ́tímẹ́ẹ̀gì tán, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù wọn kò sì dé. Màmá ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ ra abo lákòṣe lọ́jà, èyí tí àwọn ìyá tiwa ń fi sí ọbẹ̀ àti àgbo, ó yan án, ó rin ín sí fúláwà. Sístà Àgbà gbóòórùn rẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó ní ta ló ní kí ó yí ohun tí àwọn ìyá àwọn fi sílẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ó bu díẹ̀ tọ́ wò, ó sì jẹ ọ̀kan tán lórí ìdúró. Láti ọjọ́ náà Màmá ò lo nọ́tímẹ́ẹ̀gì mọ́, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí níhìn-ín. Bí mo bá bi í léèrè, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Àwọn òkú tiwọn ń gbóòórùn tiwọn. Àwọn òkú tèmi náà ní imú."

Òfin rẹ̀ ò pọ̀. Òkú kan, bisikíìtì kan. Bó ṣe ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fa àgbélébùú sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pe orúkọ ẹni tó ni ín ketekete. Ẹni tó bá máa jẹ ẹ́ náà gbọ́dọ̀ pe orúkọ yẹn kó tó fi kan ẹnu. Fúláwà tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo òkú, yóò kó o jọ, yóò fi ṣe ọ̀kan ṣoṣo tí kò ní àmì. Ìyẹn ni ti alààyè. Kì í wọn nǹkan, nítorí náà ó máa ń ṣẹ́ kù ṣáá. Lọ́dún kan ó lè fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, lọ́dún mìíràn kì í ju ìka méjì lọ.

Lọ́dún tí ìyá mi kú, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní èyí tó jẹ́ ti ìyá mi. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n pe orúkọ.

Mo ní, "Mọ́mì mi."

Ó ní, "Rárá. Orúkọ."

Mi ò pe orúkọ ìyá mi rí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo dán an wò, ìgbájú ni mo jẹ. Mo dúró síbẹ̀ títí bisikíìtì náà fi tutù lọ́wọ́ mi, tí àwọn ará ilé ń wò mí. Nígbà tó yá mo ní "Fúnmiláyọ̀," ohùn mi ò jáde tán. Ó ní kí n tún un pè. Àwọn kan sọ lọ́jọ́ náà pé ọwọ́ rẹ̀ ti le jù fún ọmọdé, bóyá òótọ́ sì ni. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹnu mi. Ó ní, "Ẹni tí ẹnu ò lè pè mọ́, Àṣàbí, òun ló kú tán."

Kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Mo ń kọ èyí nítorí pé lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, gbogbo ẹni tó di máíkì mú ló sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Obìnrin kan tó ń bójú tó oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún un lọ́dún kan pé oúnjẹ tí èèyàn bá sè nílé gbọ́dọ̀ ní bébà lára, tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, nítorí àwọn tí oúnjẹ kan kì í bá lára mu. Màmá fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó yíjú sí mi níwájú obìnrin náà, ó ní, "Àṣàbí, bá mi kọ ọ́. Fúláwà, bọ́tà, ṣúgà, àti ikú." Obìnrin náà ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun máà rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò béèrè bébà mọ́.

Ẹlòmíràn wà ní àdúgbò wa, tí kì í ṣe ìjọ wa. Màmá fún un ní ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà wa. Ó pe orúkọ bí Màmá ṣe kọ́ ọ, ó bù ú jẹ, lẹ́yìn náà ni àyà rẹ̀ já.

Ó ní, "Mummy, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe sàárà nìyí?"

Màmá ní, "Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, mà."

"Ó dáa. Òkú ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Máa jẹun lọ."

Èmi àti Màmá náà ní aáwọ̀ tiwa. Mo jáde girama, mi ò lọ síwájú sí i, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn kí nǹkan pé. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Lithonia, ẹ̀ka ìfọṣọ ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo wà, gbogbo aṣọ tó wọlé ni mo ń kà, gbogbo èyí tó jáde ni mo ń kà. Mo wá pinnu pé mo máa kọ ìwọ̀n bisikíìtì náà sílẹ̀. Mo dúró tì í pẹ̀lú ìwé àti ìwọ̀n, mo ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dà á sínú abọ́. Ó fara dà á fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó bu ẹ̀kúnwọ́ fúláwà kan, ó dà á sórí ìwọ̀n náà, ó dà á sórí ìwé mi pẹ̀lú. Ó ní, "Ẹni tó bá ń wọn nǹkan tán pátápátá, kò ní rí ti àlejò."

Ohun mìíràn tí mi ò lè pa tì ni bàtà. Kò lè jókòó kí ó máa wo bàtà tó dọ̀tí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tó di ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, ó ṣì ń gbé bàtà mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tí yóò jókòó lórí àpótí tí yóò máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. Mo bínú sí i. Mo ní àwọn èèyàn máa rò pé mò ń lò ó bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ó ní, "Jẹ́ kí n rí nǹkan ṣe. Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni ikú ń dì mú."

Mo ti wá dé ibi tí mò ń sá fún.

Ọmọ mẹ́rin ni Màmá bí. Ó ti sin mẹ́ta nínú wọn ní Nàìjíríà, ìyá mi sì wà lára wọn. Èyí tó kù ni Uncle Délé. Òun ló mú èmi àti Màmá wá sí Atlanta. Austell ló ń gbé pẹ̀lú Aunty Dúpẹ́ àti ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo, Fọlá, tó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n báyìí, tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Uncle Délé máa ń pe Màmá lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Kì í sọ̀rọ̀ kó má kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ní Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Olóògbé, láti Austell ni yóò ti wakọ̀ gba títì I-20 wá sọ́dọ̀ wa, òun ló sì máa ń jẹ bisikíìtì tí kò ní àmì, bó ṣe gbóná láti inú ààrò. Yóò jó o lẹ́nu. Yóò máa fẹ́ ẹ, yóò máa fò sókè sódò pẹ̀lú irun funfun lórí.

"Màmá, ọdún wo lẹ máa dín ata ilẹ̀ yìí kù?"

"Ọdún tó o bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ní sùúrù."

"Ẹ ò ní dín in kù nìyẹn."

"Mo ti mọ̀ ọ́ láti ọmọ ọdún méjì, Àkànní. Alààyè ò ní sùúrù. Òkú ló ni ín."

Ní oṣù kẹjọ, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Uncle Délé ṣubú níbi iṣẹ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti tán.

Nígbà tí mo dé ilé wọn, àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ti pọ̀ ní pálọ̀. Aunty Dúpẹ́ fà mí wọ ilé ìdáná. Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé pé orúkọ tó ń pè mí ni Opéléńgẹ́. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bí ọmọ náà tilẹ̀ kéré sí i. Mo tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tó fẹ́ Uncle Délé, ó sọ mí lórúkọ yẹn, mi ò tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n kò yí i padà.

Ó ní, "Opéléńgẹ́, Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́."

"Aunty, wọ́n máa béèrè rẹ̀."

"Kí wọ́n béèrè. Ẹni tó ti sin ọmọ mẹ́ta. Ṣé ìkẹrin lẹ fẹ́ ká gbé lé wọn lórí, lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún?"

Àwọn àgbà fọwọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn, a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá arúgbó. Èmi náà fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. A ní kí á sọ fún Màmá pé Uncle Délé ti gba iṣẹ́ ní Alaska, níbi tí wọn kì í ti í tètè fún èèyàn láyè láti bọ̀ wálé. Fọlá, tí ohùn rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ̀, ni yóò máa fi fóònù bàbá rẹ̀ pe Màmá lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, tí yóò máa jẹ́ bàbá rẹ̀ fún un.

Ọjọ́ Jímọ̀ la sin ín. Bí mo bá wọ dúdú, Màmá máa rí i. Aṣọ iṣẹ́ mi ni mo wọ̀. Mo sọ fún un pé mo ní shift, mo sì lọ dúró létí sàréè ẹ̀gbọ́n ìyá mi pẹ̀lú aṣọ ìfọṣọ àti káàdì iṣẹ́ lọ́rùn. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo padà délé, mo bọ́ bàtà sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo lọ dùbúlẹ̀, mo ní orí ń fọ́ mi. Nígbà tí mo jí, bàtà mi ti mọ́, ó wà lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbẹ. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù kọkànlá dé. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílé ìdáná, mò ń ka àgbélébùú. Òkú mẹ́rìnlá ló ní: ọkọ rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀, ọmọ mẹ́ta, Sístà Àgbà, àti àwọn mìíràn tí mo mọ orúkọ wọn lórí bí ìṣirò. Ó fa mẹ́rìnlá. Ó dúró, ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kó èyí tó ṣẹ́ kù jọ, ó fi ṣe èyí tí kò ní àmì bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó jinná, kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́. Ó wé e sínú bébà fàdákà, ó ní kí n gbé e sínú fìríìsà. Ó ní, "Bó bá dé, yóò bá a."

Ohun kan náà ló ṣe lọ́dún kejì. Bébà fàdákà méjì wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ ẹja. Bí mo bá ṣí fìríìsà, mo máa ń wo ibòmíràn.

Ọdún tó kọjá ni ẹ̀ẹ̀kẹta. Kò lè dúró pẹ́ mọ́, nítorí náà mo gbé àga fún un sídìí tábìlì, èmi ni mò ń tẹ́ fúláwà, òun ló ń fa àmì. Ó ti fa mẹ́rìnlá. Èyí tó ṣẹ́ kù wà nínú abọ́. Fóònù dún, mo sì tẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè jáde síta torí ọwọ́ rẹ̀ kún fún fúláwà. Ikọ́ díẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́.

"Màmá, ẹ káàsán. Ẹ kú ọjọ́ òní o. Àkànní ni."

Màmá fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ó ní, "Fọlá."

Ó tún pè é, ketekete.

"Fọlá, ọmọ Délé. Ó tó. Jẹ́ kí ohùn bàbá rẹ sinmi, kí tìrẹ náà lè ríbi sinmi."

Mo gbọ́ tí ọmọ náà fa imú. Mo sì gbọ́ ohùn Aunty Dúpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń sọ pé, "Ta ló sọ fún wọn? Ta ló sọ fún wọn?" Lẹ́yìn náà fóònù pa.

Màmá ní kí n gbé àwọn tó wà nínú fìríìsà wá. Mo gbé wọn wá. Ó tú bébà ara wọn. Ó mú ọ̀kan, ó gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ lé e, ó ní "Délé," ó sì tẹ̀ ẹ́. Bisikíìtì náà kán sí méjì. Ó mú èkejì, ó yí ojú ọ̀bẹ sí i, ó gbìyànjú láti fi họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn fọ́ wẹ́wẹ́. Ó ń wo èérún rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní, "Wọn ò gba àmì mọ́. Wọ́n ti jinná."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀.

Ó ní, "Ọjọ́ Jímọ̀ tó o lọ síbi iṣẹ́. Erùpẹ̀ pupa dé ọrùn bàtà rẹ. Níbo ni wọ́n ti ń fi erùpẹ̀ fọṣọ, Àṣàbí?"

Mo gbórí lé etí tábìlì.

"Mo fọ̀ ọ́. Ìyẹn nìkan ni mo rí ṣe níbi ìsìnkú ọmọ mi."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ nǹkan kan fún gbogbo ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta. Ó ní ìyàwó òun, Aunty Dúpẹ́, ń jókòó ti ọmọ rẹ̀ lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, ó ń gbọ́ ohùn tó jọ ti ọkọ rẹ̀, òun sì ń gbọ́ èémí rẹ̀ lórí fóònù. Ta ni òun tí yóò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀? Mo ní kí ló wá dé lónìí. Ó ní, "O ò gbọ́ ikọ́ yẹn? Tẹ́lẹ̀, Fọlá kì í wúkọ́. Láti oṣù tó kọjá ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ti ń di bàbá rẹ̀. Mi ò lè sin méjì."

Ó fa abọ́ sọ́dọ̀. Ó pín èyí tó ṣẹ́ kù. Ó fi èyí tó pọ̀ ṣe ti Uncle Délé, ó fa àgbélébùú sí i, ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó pè é ketekete. Èyí tó kù ò ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ. Kò fa nǹkan kan sí i. Nígbà tí Fọlá wá lọ́jọ́ kejì, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tí kò fẹ́ dìde, Màmá fún un ní kékeré yẹn. Ó ní, "Ti ìyá rẹ nìyí. Sọ fún un pé kó wò ó dáadáa, kò ní àmì." Fọlá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìyá òun gbé e sórí tábìlì, ó ń wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ọjọ́ náà Aunty Dúpẹ́ ò gbé fóònù mi mọ́.

Màmá ní òun fẹ́ rí sàréè náà. Mo mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí òbí rí sàréè ọmọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo sọ fún un. Ohun tí mo sọ ni pé òtútù ti bẹ̀rẹ̀, kí ó jẹ́ kó kọjá. Ó tún béèrè nígbà Kérésì, mo tún sọ ohun kan náà. Nínú oṣù kìíní ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní "Màmá, bí òtútù bá kọjá." Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì dé àgbọ̀n. Ó ní, "Òtútù kan wà tí kì í kọjá, Àṣàbí." Kò béèrè mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì, mo gbé ògì wọlé fún un láàárọ̀, ó ti lọ.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Aunty Dúpẹ́ gba iwájú mi kọjá, ó dúró, ó padà. Ó ní, "Bọ́lá, o ti sọ ọ́. Ṣé ọkàn rẹ ti wá balẹ̀?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, tó pe orúkọ mi.

Lánàá, mo kó bisikíìtì mẹ́rìndínlógún sínú agolo Màmá. Mẹ́rìnlá tirẹ̀, Uncle Délé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, òun fúnra rẹ̀ ìkẹrìndínlógún. Mo fẹ́ pín wọn lẹ́yìn máàsì ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ sí Austell. Aunty Dúpẹ́ ṣílẹ̀kùn, kò ṣí èyí tó ní nẹ́ẹ̀tì. Ó ti rù.

Ó ní, "Bọ́lá."

"Ẹ káàsán mà."

"Kí ló gbé ẹ wá?"

Mo sọ fún un láti ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Mo ní mi ò sọ fún Màmá, ṣùgbọ́n bàtà mi sọ fún un. Mo sọ nípa òjò, erùpẹ̀ pupa, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Mo sọ pé láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni Màmá ti mọ̀, pé ó dákẹ́ nítorí pé ó ń gbọ́ èémí òun, Aunty Dúpẹ́, lórí fóònù. Mi ò sọ ọ́ dáadáa. Mo tún apá kan sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ń wo bàtà mi. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó yí ẹ̀yìn padà, mo sì tẹ̀ lé e lọ sílé ìdáná. Fóònù Uncle Délé wà lórí tábìlì, ó ń gba iná. Mo gbé agolo kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ṣí i.

Ó fi ìka kan ọ̀kan. "Ta ni èyí?"

"Màmá ni."

"Èyí ńkọ́?"

Mo ní, "Uncle Délé."

Kò mú un. Ó fi ìka rẹ̀ sí ojú àgbélébùú náà, ó tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rò pé yóò pe orúkọ. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú wọn, ó ń tò wọ́n sórí tábìlì, títí agolo fi ṣófo. Ó fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ agolo náà. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tó ń wá, mo sì rántí abọ́ tí mo fọ̀ láàárọ̀, bí nǹkan kan ò ṣe ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.

Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Opéléńgẹ́, èwo ni tèmi níbẹ̀?"